Bí Owú Ṣe Kọ̀wé Sára Ìwo Èéfín Ọdẹ́rìndé

Ẹ sún mọ́ra, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tí oòrùn ń pa kó bọ́ sábẹ́ igi, ẹni tí oorun ń kùn kó lọ bọ́jú, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí à ń fi etí kan gbọ́. Èmi tí mo jókòó níwájú yín yìí ti pàdé ẹfọ̀n tó wọ bàtà. Mo ti bá ìwin jẹun nínú abọ́ kan náà, tí mo sì jẹ ẹran tirẹ̀ mọ́ tèmi. Ṣùgbọ́n lónìí, n kò sọ ti ara mi. Ọdẹ́rìndé ará Òkè-Apá ni mo fẹ́ sọ, ọkùnrin tí owú jẹ débi pé díẹ̀ ló kù kó sọ ọmọ bíbí inú rẹ̀ di odi títí ayé.

Ọdẹ gidi ni Ọdẹ́rìndé. Ó ga, ó fẹ̀ láyà, ìbọn rẹ̀ kì í sábà tàsé. Ó kàwé díẹ̀ pẹ̀lú, nítorí bàbá rẹ̀ rán an lọ sí ilé ìwé kí igbó tó gbà á lọ́wọ́ tíṣà. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ló lókìkí jù. Bó bá pa ọ̀yà kan ṣoṣo, ọ̀nà tí yóò gbà ròyìn rẹ̀, ẹ ó rò pé erin ló kú. Yóò ki ìbọn, yóò ki àdá, yóò ki bàtà tó wọ̀ lọ sóko. Àwọn ènìyàn a máa pàtẹ́wọ́, òun náà a máa wú bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọnú epo gbígbóná.

Báyìí ni nǹkan ṣe rí títí Ojúọlápé fi gbé ìbọn bàbá rẹ̀ kọ́ èjìká. Ọ̀dọ́ obìnrin ni, bàbá rẹ̀ ti kú, kò sì ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin tí yóò jogún igbó. Ẹnu rẹ̀ mú, ó mọ iṣẹ́, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Ẹfọ̀n kan wà tó ń ba oko àwọn ará Òkè-Apá jẹ́. Ọdẹ́rìndé ti ń tọpa rẹ̀ tipẹ́, ó ti ki ìbọn tí yóò fi pa á sílẹ̀ de ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹfọ̀n yà gba ọ̀nà oko Ojúọlápé lọ́jọ́ kan, Ojúọlápé sì yìn ín ní ìbọn ẹ̀ẹ̀kan, ó kú. Wọ́n bi í pé báwo ló ṣe ṣe é. Ó ní, "Mo dúró sí apá ibi tí afẹ́fẹ́ kò ti lè gbé òórùn mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nígbà tó yíjú, mo yìn ín lábẹ́ etí." Kò fi kún un. Síbẹ̀, wọ́n gbé e lọ́rùn yí ìlú po.

Láti ọjọ́ náà ni owú ti wọ Ọdẹ́rìndé lára. Bí ènìyàn bá kí Ojúọlápé tẹ̀ríntẹ̀rín, òun a yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí wọ́n bá bu ẹran fún un níbi ìpàdé ọdẹ, yóò fi ojú wọn èyí tí wọ́n bù fún obìnrin náà. Ìyàwó rẹ̀ bá a wí títí, ó sú u.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, gbogbo ọmọdé Òkè-Apá jí, wọn kò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n ya ẹnu, afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Àwọn ìyá figbe ta, àwọn ọmọ ń sunkún, ṣùgbọ́n ẹkún náà kò dún. Àwẹ̀ró, àbíkẹ́yìn Ọdẹ́rìndé, ọmọ tí kì í dákẹ́ orin láti àárọ̀ títí di alẹ́, wá dúró níwájú bàbá rẹ̀, ó di ọ̀fun ara rẹ̀ mú, ó ń wò ó. Ẹ̀yin tí ẹ bímọ mọ irú ojú tí ọmọ fi ń wo bàbá bẹ́ẹ̀.

Àgbẹ̀ kan tó jí kùtùkùtù ni ó rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní ẹyẹ ńlá kan tí ọrùn rẹ̀ dà bí àpò ló ń fò láti ojú fèrèsé dé ojú fèrèsé. Àwọn àgbà mọ ẹyẹ náà. Gbóhùnlọ ni wọ́n ń pè é. Inú ihò àpáta kan lẹ́yìn Ìlú Amòye ló ń kó ohùn sí, níbi tí yóò ti máa gbé wọn mì díẹ̀díẹ̀. Ẹlẹ́ran ara kò gbọdọ̀ wọ ihò náà, nítorí bó bá wọ̀ ọ́, ohùn tirẹ̀ náà yóò bọ́. Àwọn ẹ̀rọ tí ń ronú, tí wọ́n wà ní Ìlú Amòye, nìkan ló lè wọ̀ ọ́ kí wọ́n sì jáde. Kábíyèsí ní kí Ọdẹ́rìndé kó irinṣẹ́ ọdẹ rẹ̀ tí wọn yóò fi ṣiṣẹ́ náà, kó lọ bẹ̀ wọ́n. Ọdẹ́rìndé dọ̀bálẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Kábíyèsí tún ní, "Kí Ojúọlápé bá ọ lọ." Inú náà sì bàjẹ́ kí ó tó dìde nílẹ̀.

Bí wọ́n ṣe rìn kò ṣe pàtàkì. Ẹ ṣáà mọ̀ pé igbó tí wọ́n gbà, igi ibẹ̀ a máa bá ara wọn jà, òkúta ibẹ̀ a sì máa sín. Èmi gba ibẹ̀ kọjá rí, òkúta kan sín, mo kí i pé "pẹ̀lẹ́", ó sì dúpẹ́. Ní àárín igbó náà ni wọ́n ti bá ìwin kan tó jókòó dí ọ̀nà. Orí rẹ̀ tóbi bí agbada elépo, kò ní ojú rárá, ìtàkùn sì ti wé mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ débi pé kò lè dìde.

"Ẹ̀yin ẹlẹ́ran ara," ó kígbe, "n kò ríran, n kò sì lè dìde. Mo gbọ́ tí nǹkan ń dún nínú àpò yín. Ẹ fún mi níbẹ̀, kí ẹ sì sọ fún mi ohun tó jẹ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá tú mi sílẹ̀ yóò kọjá. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá dá mi lóró, n óò dá a lóró padà."

Ọdẹ́rìndé kò jẹ́ kí Ojúọlápé la ẹnu. Ó yọ ọ̀bẹ rẹ̀, ó gbé e lé ìwin lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í: "Gba ọmọ irin, gba arẹwà tí ń dán nínú òkùnkùn! Ó dùn bí oyin lọ́wọ́ ọdẹ, ẹni tó bá tọ́ ọ wò kò ní í gbàgbé rẹ̀!"

Ìwin gbọ́ oyin, ìwin gbọ́ tọ́ ọ wò, ló bá ju ọ̀bẹ sẹ́nu. Ó gé e láhọ́n. Ó bú ramúramù, ó na ọwọ́, ó bá Ọdẹ́rìndé, ó sì gbá a létí títí etí náà fi ń hó yee. Bí kì í bá ṣe pé Ojúọlápé tètè sọ̀rọ̀, ìwin ì bá tẹ̀ ẹ́ pa síbẹ̀.

"Bàbá, ọ̀bẹ ni," Ojúọlápé wí. "Ohun tí à ń fi gé okùn àti ẹran ni. Apá igi ni kí ẹ dì mú, apá irin ló mú. Ẹ má fi í sẹ́nu. Ìtàkùn tó dè yín wà ní ọrùn ẹsẹ̀ òsì. Ẹ máa gé e lọ síta, kí ẹ má gé e wá sí ara yín."

Ìwin gé ìtàkùn, ó dìde, ó na ara. Ó ní, "Obìnrin, máa kọjá. Mú ìyẹn dání, ṣùgbọ́n kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́ títí ẹ ó fi kọjá lọ́dọ̀ mi." Ọdẹ́rìndé, baba àwọn ọdẹ, ni wọ́n pè ní ìyẹn. Ó ń rìn lẹ́yìn Ojúọlápé, ọwọ́ rẹ̀ wà létí, kò sì mọ èyí tó ń dun òun jù, etí ni àbí ìtìjú.

Nígbà tí wọ́n dé Ìlú Amòye, obìnrin arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Alárojinlẹ̀ ló gbà wọ́n. Òun ló fi idẹ àti iná kọ́ àwọn ẹ̀rọ tí ń ronú ìlú náà. Ó pe ọ̀kan jáde. Ẹ̀rọ náà ga bí ọkùnrin, ìmọ́lẹ̀ kékeré kan ń tàn láyà rẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì ni Jẹ́ńkà, nítorí "ẹ jẹ́ n kà" ni ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ sọ bí a bá gbé nǹkan sí iwájú rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀," Jẹ́ńkà kí wọn. "Iṣẹ́ wo ni kí n bá yín ṣe?"

Wọ́n sọ fún un. Ìyá Alárojinlẹ̀ wá yí sí wọn. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbọ́ o. Jẹ́ńkà gbọ́n, ṣùgbọ́n bó bá di ti irinṣẹ́, ojú rẹ̀ kò rí irin, kò rí igi, ìwé tó wà lára rẹ̀ nìkan ló ń rí. Kò lo irinṣẹ́ yín rí. Ohun tó mọ̀ nípa wọn kò ju ohun tí ẹ bá kọ lọ. Ẹ gba awọ, kí ẹ kọ àpèjúwe irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ so ó mọ́ ọn lọ́rùn. Bí ẹ bá fi nǹkan pamọ́, kò ní í mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá sì purọ́, yóò gbà yín gbọ́."

Wọ́n jókòó, wọ́n kọ ọ́. Ìyá Alárojinlẹ̀ tú adìyẹ kan sílẹ̀ nínú àgbàlá, ó ní kí Jẹ́ńkà fi irinṣẹ́ tó bá wù ú mú un láàyè, kí àwọn lè fi dán ìwé wọn wò. Àwọ̀n Ọdẹ́rìndé ló kọ́kọ́ kàn.

"Ẹ jẹ́ n kà," Jẹ́ńkà wí. Ó kà á sókè: "Èmi ni ìjì tí ń jà lórí odò, akọni tí ẹranko rí tó gbàgbé ọ̀nà ilé." Ó dúró, ó ronú. "Ìjì nìyí. Adìyẹ ni wọ́n ní kí n mú, n kò nílò ìjì." Ó gbé àwọ̀n olówó iyebíye náà sílẹ̀, ó mú ti Ojúọlápé, ó kà á: "Àwọ̀n. A máa ń fi í mú ẹran kékeré láàyè. Kò lè gba ohun tó bá ju ewúrẹ́ lọ. Di etí rẹ̀ méjèèjì mú kí o tó jù ú. Bí okùn rẹ̀ bá já, má fi tipátipá lò ó, wá sọ fún mi." Jẹ́ńkà ju àwọ̀n náà, adìyẹ sì kó sí i.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é lọ. Àdá Ọdẹ́rìndé mú ju ti Ojúọlápé lọ, Jẹ́ńkà kò mú un. Okùn rẹ̀ le ju ti Ojúọlápé lọ, Jẹ́ńkà fi í sílẹ̀. Ìyá Alárojinlẹ̀ fa àga, ó ní kí Ojúọlápé wá jókòó ti òun. Ojúọlápé jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, oríkì lẹ kọ," ó wí. "Ẹ kò kọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ta ni yóò fi oríkì gé igi? Ẹ jẹ́ kí n bá yín tún un kọ."

Ká ní ó bú u ni, ìbá sàn. Ìrànlọ́wọ́ tó fẹ́ ṣe yìí ló gún un jù. Ó ní, "O ṣé. Mo lè kọ ọ́ fúnra mi." Ẹ̀rín sì wà lójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Irinṣẹ́ méjì ló kù tí wọn kò tíì kọ nǹkan sí, àwọn náà ló sì ṣe pàtàkì jù. Ojúọlápé ní akèrègbè kan tí bàbá rẹ̀ máa ń fi gba igbe ẹranko sílẹ̀, tí yóò wá ṣí ìdérí rẹ̀ nínú igbó láti fi tan ẹranko ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohùn tó bá wọ̀ ọ́ kì í jò. Ọdẹ́rìndé ní ìwo èéfín. Bí a bá fọn ọ́n, èéfín a tú jáde, ohun yòówù tó bá wà nínú ihò a sá. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé akèrègbè ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Ojúọlápé kọ tirẹ̀, ó so ó mọ́ ọn, ó sì lọ wẹ̀ lódò.

Ọdẹ́rìndé dá kù síbẹ̀, òun àti owú rẹ̀. Ó wo akèrègbè. Ó rí i bí wọn yóò ṣe wọ Òkè-Apá: Ojúọlápé níwájú, akèrègbè lórí, gbogbo ìyá ọmọ lórí ìkúnlẹ̀, wọn yóò tún gbé e lọ́rùn, àti pé ìyàwó òun pàápàá yóò wà lára àwọn tó gbé e. Ó rí ara rẹ̀ lẹ́yìn, tó ń gbé ẹrù. Àyà rẹ̀ ń ta á bí ata. Ó fa awọ yọ, ó kọ̀wé sára ìwo rẹ̀, ẹ sì wo ohun tí owú ń ṣe: ní ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó kọ ọ́ lọ́nà tó yéni kedere, bí Ojúọlápé ti ń kọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ó kọ ọ́ pé:

"Ìwo. Ó ń kó ohùn jọ, ó sì ń gbé wọn wálé láìfarapa. Fọn ọ́n láàárín ihò. Lò ó ṣáájú irinṣẹ́ gbogbo. Akèrègbè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti fọ́, má fọwọ́ kàn án."

Kò sí oríkì kan níbẹ̀. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀.

Àwọn àti Ìyá Alárojinlẹ̀ dé ẹnu ihò nígbà tí ẹyẹ Gbóhùnlọ ti jáde lọ. Jẹ́ńkà ka ìwé ara irinṣẹ́ méjèèjì, ó gbé ìwo, ó fi akèrègbè sílẹ̀. Ojúọlápé sún síwájú. "Jẹ́ńkà, kí ló dé tí o fi akèrègbè mi sílẹ̀?" Ṣùgbọ́n Jẹ́ńkà ti wọlé lọ. Ọdẹ́rìndé wo ojú obìnrin náà bó ṣe rẹ̀wẹ̀sì, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ má bú u ju bó ti yẹ lọ. Ìgbà díẹ̀ náà ni gbogbo adùn tó jẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Wọ́n gbọ́ ìwo. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ ohùn àwọn ọmọdé. Wọ́n ń wúkọ́, wọ́n ń ké, wọ́n ń kọlu ara wọn nínú òkùnkùn, wọ́n ń sá lọ sí ìsàlẹ̀ ihò. Ohùn kan yọ láàárín wọn, kò sì sí bàbá tí kò ní í mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè:

"Bàbá mi o! Bàbá mi, èéfín ń pa wá o!"

Ọdẹ́rìndé fẹ́ sáré wọnú ihò. Ìyá Alárojinlẹ̀ fi ọ̀pá dá a dúró. "Bí o bá wọlé, ohùn tìrẹ náà lọ. Ta ni yóò wá sọ fún wa ohun tó ṣẹlẹ̀?" Ojú ìyá arúgbó náà ti fi hàn pé ó ń fura.

Jẹ́ńkà jáde, èérí èéfín bò ó, ó gbé ìwo lọ́wọ́ méjèèjì. Kò bínú. Ó ní, "Ẹ má bínú. Mo fọn ọ́n láàárín ihò bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò kó ohùn kankan jọ. Gbogbo wọn ti sá lọ sí ìsàlẹ̀. Ó ní láti jẹ́ pé èmi ni mo ṣì í lò. Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni mo ti ṣàṣìṣe?"

Ọdẹ́rìndé kò lè gbójú sókè. Ojúọlápé ti gba ìwo náà, ó sì ń ka ohun tó wà lára rẹ̀.

"Ta ló ní akèrègbè mi ti fọ́?"

"Èmi ni," Ọdẹ́rìndé wí.

"Bàbá Àwẹ̀ró, kí ni mo fi ṣe yín?"

Bí Ọdẹ́rìndé ṣe ń dáhùn, kò ní ọ̀rọ̀ dídùn kankan lẹ́nu. "Wọ́n gbé ọ lọ́rùn. Èmi ni mo tọpa ẹfọ̀n náà, ìwọ ni wọ́n gbé lọ́rùn."

"Ẹfọ̀n?" Ojúọlápé jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú ìbọn rẹ̀. "Ẹfọ̀n, ẹ̀gbọ́n? Nítorí ẹfọ̀n tí a ti jẹ tán lẹ ṣe kó èéfín sí ọmọ yín lọ́fun?" Ó bú sẹ́kún. Ọdẹ́rìndé kò rí ẹkún rẹ̀ rí.

Ìyá Alárojinlẹ̀ na awọ tuntun sí ọkùnrin náà. "Ẹ̀ ń sunkún, oòrùn ń lọ. Bí ẹyẹ yẹn bá padà dé bá wọn níbẹ̀, yóò gbé gbogbo wọn mì. Kọ òótọ́."

Ọdẹ́rìndé kọ ọ́: "Ìwo èéfín. Ó ń lé ohun ẹlẹ́mìí kúrò níbi tó wà. Kò lè kó ohùn jọ. Má fọn ọ́n níbi tí ohùn ọmọdé wà." Ó kọ ọ́, ó dà bí ẹni pé ó ń ya awọ ara rẹ̀.

Jẹ́ńkà kà á. "Ó ti yé mi díẹ̀. Apá ibo ni èéfín rẹ̀ máa ń gbà?"

"Ẹnu rẹ̀ tó fẹ̀. Kò jìnnà ju ibi tí a lè ju òkúta dé lọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ìyẹn náà sí i." Ọdẹ́rìndé kọ ọ́. Jẹ́ńkà ka ti akèrègbè náà, ìmọ́lẹ̀ àyà rẹ̀ sì tàn díẹ̀ sí i. "Bó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì ló wúlò. N óò fọn ìwo síta, síwájú ẹnu ihò, kí ẹyẹ náà má lè wọlé. Lẹ́yìn náà ni n óò gbé akèrègbè wọlé."

Kò pẹ́ tí Gbóhùnlọ fi dé. Ìyẹ́ rẹ̀ bo oòrùn, àpò ọrùn rẹ̀ ń mì jọ̀ọ̀jọ̀ọ̀. Jẹ́ńkà fọn ìwo, èéfín tú sókè, ẹyẹ náà ń wúkọ́, ó pòòyì, ó ń wá ọ̀nà wọlé, kò rí i. Ọdẹ́rìndé àti Ojúọlápé gbé ìbọn, ìbọn méjèèjì sì dún pọ̀. Ẹyẹ já lulẹ̀, ilẹ̀ mì. Ẹ̀yin ará mi, ẹnu Ọdẹ́rìndé ti là láti sọ pé ìbọn òun ló bà á! Ó pa ẹnu náà dé. Àmọ́ ó wo ojú ọgbẹ́ lára ẹyẹ náà fínnífínní kó tó yíjú kúrò.

Jẹ́ńkà wọlé, ó ṣí akèrègbè, ohùn àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́. Ó pẹ́ díẹ̀, ó yọ orí síta.

"Ọ̀kan kù. Èéfín ti bà á lẹ́rù, ó sá lọ sí ibi tí ohùn àwọn ọmọ ìlú mìíràn pọ̀ sí, àwọn tí ẹyẹ náà ti kó tipẹ́. N kò lè dá a mọ̀. Bí mo bá mú èyí tí kì í ṣe òun, ọmọ ẹlòmíràn ni yóò máa sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ yín. Ẹ sọ bó ṣe ń dún fún mi."

Ọdẹ́rìndé mọ̀ pé ti Àwẹ̀ró ni. Ó ní, "Ohùn rẹ̀ dùn bí oyin ìgàn."

"Ọ̀pọ̀ wọn ló dùn níbí, sà."

"Ó dà bí ti ẹyẹ ní àárọ̀. Ó mọ́ gaara."

"Ọ̀pọ̀ ló mọ́ gaara. Kí ló yà á sọ́tọ̀?"

Ọdẹ́rìndé ya ẹnu. Gbogbo ayé ló ti gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ yìí, kò rí nǹkan kan sọ. Ó wá mọ̀ pé bí Àwẹ̀ró bá ń kọrin, òun náà a máa sọ̀rọ̀ bo orin náà mọ́lẹ̀, kì í fetí sí i.

Ojúọlápé ló sọ̀rọ̀, ó rọra sọ ọ́. "Kò lè pe ohùn r. Ó máa ń sọ ọ́ di l. Bó bá ń kọrin, ó máa ń fa ìparí ọ̀rọ̀ gùn, pàápàá bó bá gbàgbé èyí tó kàn. Bó bá sì rẹ́rìn-ín, òsúkè ló máa ń parí rẹ̀ sí."

Ọdẹ́rìndé yíjú sí i. "Báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n?"

"Ẹ̀yìnkùlé mi ló máa ń wá kọrin. Ó ní ẹ kì í gbọ́ tirẹ̀ tán."

Ẹ gbọ́ mi. Owú tí ẹfọ̀n dá sílẹ̀, eré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láyà, wọ́n sì fún ohun tó wà níbẹ̀ pọ̀. Ọmọ tirẹ̀! Ó lè sọ pé irọ́ ni. Ó lè kọ ohun mìíràn lọ́tọ̀. Jẹ́ńkà kò ní í mọ̀, nítorí ohun tí a bá kọ ni yóò gbà gbọ́. Ó wo Ojúọlápé títí. Ó gbé awọ sórí orúnkún, ó ní, "Tún un sọ. Rọra sọ ọ́, kí n má fi ọ̀kankan sílẹ̀." Ojúọlápé ń sọ, òun ń kọ, omi ojú rẹ̀ ń kán sí orí ìwé, ó sì ń fi apá aṣọ nù ún kí ó má ba lẹ́tà jẹ́. Jẹ́ńkà kà á, ó wọlé. Nígbà tó tún jáde, ìdérí ti wà lẹ́nu akèrègbè, òsúkè kékeré kan sì ń dún nínú rẹ̀.

Wọ́n dé Òkè-Apá. Wọ́n ṣí akèrègbè láàárín àwọn ọmọ, ohùn kọ̀ọ̀kan sì mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Ariwo sọ. Gẹ́gẹ́ bí Ọdẹ́rìndé ti mọ̀, wọ́n gbé Ojúọlápé lọ́rùn. Ọdẹ́rìndé fúnra rẹ̀ dúró lẹ́bàá ilé rẹ̀, ó gbé Àwẹ̀ró mọ́ra, ó dákẹ́ pátápátá, nítorí ó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà yóò kọ́kọ́ sọ.

Àwẹ̀ró wúkọ́ díẹ̀. Ó ní, "Bàbá mi, Àǹtí Ọlápé dàààà? Mo fẹ́ kọ olin fún un."

Ọ̀rọ̀ náà ta Ọdẹ́rìndé láyà, n kò ní í purọ́ fún yín. Ó gbé ọmọ sọ̀ kalẹ̀, ó wọ àárín èrò, ó ń fi èjìká ti ènìyàn títí ó fi dé abẹ́ obìnrin tí wọ́n gbé lọ́rùn.

"Ojúọlápé, sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ mi ń pè ọ́."

Ojúọlápé wò ó láti òkè. Ìbínú ihò àpáta kò tíì tán lójú rẹ̀. "Òun ló ń pè mí ni, àbí ẹ̀yin?"

"Òun ni," Ọdẹ́rìndé wí. "Ó fẹ́ kọrin fún ọ. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, jẹ́ kí èmi náà jókòó gbọ́ ọ. N kò ní í sọ̀rọ̀."

Ó sì jókòó lóòótọ́ ní ẹ̀yìnkùlé Ojúọlápé, lórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, owú ń jẹ ẹ́, kò sì la ẹnu títí orin náà fi parí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Ọdẹ́rìndé dé lọ́wọ́ mi nìyí. Ẹ dìde, kí ẹ gbọn eruku aṣọ yín. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo pa, igbó náà ṣì wà níbẹ̀, kó lọ bi àwọn òkúta rẹ̀ léèrè.